Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn yẹn 😩

Mo délé ní Sátidé, ẹ̀bá ìlú Òsì ní Kwara lọ́hùn-ún, mo wá ní kí n yà wo ilẹ̀kùn gbígbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tí mo máa ń fọwọ́ pa ní kékeré, háà, wọ́n ti fi pẹ́ẹ̀ntì funfun kùn ún pátá! Bàbá tó ń lu agogo ní "ó ti dọ̀tí ni, ọmọ mi". Ta ló fẹ́ bá àgbà jà? Òsì yìí kan náà o, ìlú Bándélé agbẹ́gilére, ọmọ Aréògún, tó bá Fadá Kevin Carroll ṣiṣẹ́ l'Ọ́yẹ́-Èkìtì láàárín 1947 sí 1954, tí wọ́n ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì bíi tilé wa, Lamidi Fákéye náà wà ńbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni. Mo fi èékánná ha pẹ́ẹ̀ntì yẹn díẹ̀, ojú ọba kan yọ, tòun tadé.