Ta ló fún ọ láyè?

Oṣù mọ́kànlá-mọ́kànlá ni ilé iṣẹ́ wa máa ń fún mi níwèé àdéhùn iṣẹ́. Bó bá ti pé, wọn á ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á sì tún pè mí pé kí n wá tọwọ́ bọ òmíràn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń tún ẹ̀rọ kan náà ṣe lábẹ́ ọ̀gá kan náà, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe ni gbogbo ìwé yẹn ń pè mí. Kò sí ófátáìmù, kò sí owó ìsinmi.

Èmi náà kúkú gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti tọwọ́ bọ̀wé, kí ni mo tún fẹ́ wí? Ìgbà tí wọ́n lé àwa mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni mo tó gbéra lọ bá lọ́yà. Ó ka ìwé mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n ròyìn ọjọ́ iṣẹ́ kan fún òun láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ní ń pàṣẹ? Ta ló ni irinṣẹ́? Ṣé mo lè rán ẹlòmíì wá ṣe é? Ó ní bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an ló yẹ kí adájọ́ wò, kì í ṣe orúkọ tí ìwé pè mí. Àjọ ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú Ìmọ̀ràn 198 lọ́dún 2006. Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wò nìyẹn ní oṣù kejì ọdún 2021, tó fi dá àwọn awakọ̀ Uber láre pé owó iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀ àti ìsinmi olówó tọ́ sí wọn.

Lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí, lọ́yà ilé iṣẹ́ ka ìwé mi síwájú kóòtù, ó ń tẹnu mọ́ “agbaṣẹ́ṣe”. Mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyá mi ṣàìsàn nígbà kan. Adájọ́ wá bi mí pé, “Ta ló fún ọ láyè láti lọ?”

Mo ní ọ̀gá ni. Lẹ́tà tí mo kọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bírò pupa ni ọ̀gá fi kọ ọ́ sí etí rẹ̀: “Ọjọ́ méjì péré. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a ó gé e nínú owó oṣù.” Adájọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi lọ́yà wọn bóyá agbaṣẹ́ṣe máa ń tọrọ àyè. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n níbi tí mo dúró sí.

Wọ́n dá mi láre pé òṣìṣẹ́ ni mí. Ọ̀rọ̀ owó ló wá le. Ilé iṣẹ́ ní ìwé tí a ń buwọ́ lù lẹ́nu ọ̀nà ti sọnù. Ìwé kékeré tí mo ń kọ àkókò sí lálaalẹ́ ló gbà mí, síbẹ̀ owó ọdún méjì àkọ́kọ́ wọlẹ̀, nítorí òfin ní mo ti pẹ́ jù kí n tó pẹjọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́sàn-án kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rárá, ẹjọ́ tirẹ̀ sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Lálaalẹ́ báyìí, èmi àti ẹ̀ ń ṣí ìwé mi lójú-ewé sójú-ewé, à ń wá ibi tí mo ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tèmi. A ti rí òru 41.