Iye tí ara mi ń ná tí mo bá dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́

Láti alẹ́ àná ni mi ò ti fẹnu kan nǹkan kan yàtọ̀ sómi, wọ́n ní àfi kínú mi ṣófo kí wọ́n tó lè wọn iye kálórì tí ara mi ń jó nígbà tí mi ò bá ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mi ò bá ṣe nǹkan kan! Ẹ̀rín pa mí. Ọdún mẹ́ta rèé tókùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi ti ṣèṣe, tẹ́sẹ̀ mi méjèèjì ò sì ti ṣe nǹkan kan o.

Wọ́n gbé ìdérí kan tó mọ́lẹ̀ kedere bò mí lórí dé ọrùn, páìpù wà lára ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ń ka ọ́síjìn tí mo ń lò àtèémí tí mo ń mí síta, ibẹ̀ ló ti ń ṣírò iná tó ń jó nínú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, mi ò gbọdọ̀ mira, mi ò gbọdọ̀ sùn. Àìsùn yẹn gan-an niṣẹ́.

Nígbà tó parí, obìnrin tó ń rí sọ́rọ̀ oúnjẹ wa yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní "Ẹ wò ó sà, 1,380." Ìṣirò Harris-Benedict, tó ti wà láti 1919, tó kàn ń wo ìwọ̀n, gíga, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin lèèyàn àbí obìnrin, 1,650 ló gbé fún mi, òun sì ni wọ́n fi ń bá mi ṣètò oúnjẹ látọjọ́ yìí. Kálórì 270 ló fi lé lójúmọ́! Abájọ tí ṣòkòtò ò fi bá mi mu mọ́.

Ohun tó wá tàn mí jẹ jù ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Kílò 72 ni mí (wọ́n á wọn èmi àti wíìlíṣíà pọ̀, wọ́n á yọ ti wíìlíṣíà kúrò, lọ́jọ́ kan wọ́n gbàgbé yọ ọ́, ẹ ò rí bí àyà mi ṣe já), kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, mo wá ń rò pé kò séwu. Ṣùgbọ́n ẹran itan mi ti joro, ọ̀rá ló gbàyè ẹ̀, òṣùwọ̀n ò sì mọ èwo lèwo. Ọpọlọ, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kíndìnrín ṣì ń jó tiwọn bó ṣe yẹ, ẹran ara tó ń bá wọn jó ló dín kù. BMI mi (ìyẹn ìwọ̀n ara téèyàn bá fi wé gíga rẹ̀) jẹ́ 23.5, lójú ẹni tó ń rìn ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n fún àwa tókùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn wa ti ṣèṣe, 22 ni wọ́n ti ń kà á sí sísanra jù, kì í ṣe 30.

Obìnrin yẹn ní tó bá jẹ́ pé ọrùn ni mo ti ṣèṣe ni, iye tí ara mi ń jó ì bá tún kéré sí i. Tí wọ́n bá ń fojú bu gbogbo ohun tára nílò lójúmọ́, bíi kálórì 27.9 lórí kílò kan ni fún irú èmi tọ́wọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, 22.7 fún ẹni tọ́wọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ.

Mo délé, mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwọn ló ń bu oúnjẹ fún mi. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé wọ́n ní kí n febi pa ẹ́ ni? Ṣebí lọ́dún tó kọjá àwọn náà ló ní kí n fi kún un?" Òótọ́ ni wọ́n sọ o, egbò ló wà nídìí mi nígbà yẹn, egbò sì máa ń jẹun gan-an, àgàgà purotéènì, kò lè jiná láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, egbò ti jiná ni.

Wọ́n ní ó dáa, ìdí mi làwọn á máa yẹ̀ wò báyìí káwọn tó mú ṣíbí.