Ulm: Ẹ má kàn ya fọ́tò ṣóńṣó gogoro kẹ́ ẹ máa lọ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Stuttgart lọ sí Munich ní Jámánì kì í lò tó wákàtí kan ní Ulm. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá dé gbàgede Münsterplatz, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ya fọ́tò ṣóńṣó gogoro ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ulm Minster, wọ́n á sáré padà lọ bá ọkọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣòfò nìyẹn. Ohun tó dùn jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kò sí lókè, inú ilé ló wà, nídìí òpó.

Ẹ óò gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní kàtídírà. Kì í ṣe kàtídírà. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó rí. Ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ ni, ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ọmọlẹ́yìn Luther, àwọn ará ìlú ló sì fi owó àpò ara wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò tún rí ọjà ìrántí tí wọ́n kọ sí lára pé òun ni ṣọ́ọ̀ṣì tó ga jù láyé. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àná: ní oṣù kẹwàá 2025, ṣọ́ọ̀ṣì Sagrada Família ní Barcelona, Sípéènì, kọjá a. Síbẹ̀, mítà 161.53 kì í ṣe kékeré. Ẹ gbé ìdajì Cocoa House Ìbàdàn lé odidi Cocoa House lórí, yóò ṣì ku bíi mítà mẹ́rin.

Ogun ló fa ilé yìí. Ní 1376, olú ọba Charles Kẹrin sàga ti Ulm, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn odi ni ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ wọn wà, kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀. Bí ìyẹn ti rọlẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wọ inú ìlú. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà 1377 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ilé tí wọ́n dá lé gbòòrò ju iye èèyàn tó wà nílùú lọ. Ìgbéraga? Ó dájú.

Heinrich Parler ni ọ̀gá ìkọ́lé tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́. Nígbà tó kan Ulrich von Ensingen ní 1392, ó yí àwòrán padà: ó fẹ́ kí àárín ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn gígùn tí ìjọ ń jókòó sí, ga fíofío, kí gogoro kan ṣoṣo sì dúró níwájú. Àárín náà ga ju mítà 41 lọ. Ibi tí wàhálà ti wọlé ni pé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn apá ọ̀tún àti òsì gbọ̀ngàn náà, fẹ̀ tó àárín fúnra rẹ̀, òkúta ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe àjà wọn. Àjà òkúta tó tẹ̀ kọdọrọ kì í tẹ òpó nísàlẹ̀ nìkan, ó máa ń ti ògiri síta, bó bá sì ṣe fẹ̀ tó ni títì náà ṣe ń le tó. Ìpìlẹ̀ gogoro náà kò tún tó ẹrù tí wọ́n ń dì lé e lórí. Ní 1492, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já láti òkè. Matthäus Böblinger, ọ̀gá iṣẹ́ ìgbà náà, fi ìlú sílẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Burkhard Engelberg ní Augsburg. Òun ló fún ìpìlẹ̀ lágbára, tó sì mọ ògiri dí àwọn àlàfo ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gogoro. Lẹ́yìn náà, láàárín 1502 sí 1507, ó to òpó róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe àjà tóóró méjì sí ibi tí gbòòrò kan wà. Bí ṣọ́ọ̀ṣì ọlọ́nà mẹ́ta ṣe di ọlọ́nà márùn-ún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi àwọn òpó kíki tó gbé ògiri àárín wé àwọn òpó Engelberg. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀ṣọ́ ni. Àwọn ló mú kí ilé dúró, bẹ́ẹ̀ àlejò kan náà tó rojú gun òkè á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1530, àwọn ará ìlú dìbò pé àwọn fara mọ́ Àtúntò Ìsìn, ìyípadà tí Luther àtàwọn mìíràn fi yapa kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó pẹpẹ tó lé ní 50 jáde. Ní 1543 iṣẹ́ dúró nígbà tí gogoro wà ní nǹkan bíi mítà 100, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1844, wọn kò sáré lọ sórí gogoro. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn apá òkúta tó na láti ògiri àárín kọjá sórí òrùlé ẹ̀gbẹ́, kí ohun tó ń ti ògiri síta lè rí ohun tó tì í padà. Ọgbọ́n nìyẹn. August Beyer ló wá parí ṣóńṣó náà ní 31 oṣù karùn-ún 1890. Ó gbé e ga ju àwòrán Böblinger lọ, kó lè borí ti kàtídírà ìlú Cologne ní Jámánì kan náà, tó jẹ́ mítà 157. Ìlara ìlú sí ìlú, kò ní orúkọ mìíràn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gùn ún: àtẹ̀gùn 768 ló wà dé òkè, ní mítà 143. Ibi ìdúró àkọ́kọ́ wà ní mítà 70, ojú sì ti ríran dáadáa níbẹ̀. Apá ìkẹyìn tóóró débi pé ẹni méjì kò lè pàdé láìfara gbora. Wọ́n máa ń ti apá kan pa tí àtúnṣe bá ń lọ, nítorí náà ẹ béèrè ibi tẹ́ ẹ lè dé kẹ́ ẹ tó sanwó. Kò sí ilé ìtọ̀ lókè. Ẹ ti ibùdókọ̀ rélùwéè ṣe é wá. Mò ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn ọ̀mùtí tó sọ ẹsẹ̀ ògiri ìta di ilé ìtọ̀. Iyọ̀ inú ìtọ̀ máa ń wọ òkúta, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2016, owó ìtanràn gòkè láti 50 sí 100 yúrò, kò sì pọ̀ jù lójú tèmi.

Ohun tó máa mú inú yín dùn padà wà nítòsí pẹpẹ: àwọn ìjókòó igi óákù tí Jörg Syrlin Àgbà ṣe láàárín 1469 sí 1474. Wọ́n gbẹ́ orí èèyàn sí etí wọn, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe Kristẹni rárá: Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Róòmù àtijọ́, wà níbẹ̀, Ptolemy onímọ̀ ìràwọ̀ wà níbẹ̀, Pythagoras onímọ̀ ìṣirò sì ń ta gìtá àtijọ́, orí tẹ̀ sí okùn, ìka gún régé lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó pẹpẹ jáde, wọn kò fọwọ́ kan àwọn wọ̀nyí, bọ́ǹbù 17 oṣù kejìlá 1944 tó ba àárín ìlú jẹ́ náà kò sì kàn wọ́n. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, nítorí fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ọjà máa ń kún gbàgede ní ọjọ́rú àti sátidé: fọ́tò iwájú ilé kò ní dára, àmọ́ oúnjẹ wà.