Ọyẹ́ ti dé, ẹ jáde síta

Mo fẹ́ tètè kọ eléyìí kí oorun tó gbé mi, torí Sátidé òní dùn mọ́ mi nínú gan, mi ò sì fẹ́ kí ìkankan nínú ẹ̀ bọ́ sọnù. Àdúgbò wa ní Pààràkin, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí, ti sọ ọ́ di àṣà pé tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tọmọdé tàgbà wa á máa jáde ní Sátidé, láàárọ̀ a á lọ wo ẹyẹ àti igi, tó bá di ìyálẹ̀ta a á padà wá ṣiṣẹ́ ọnà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnikẹ́ni ò sanwó. Àwọn kan ṣì máa ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ inú ọyẹ́, ìgbà tí ètè ń bẹ́ tí imú ń dí, la wá ń kó ọmọ ọlọ́mọ jáde, wọ́n á ní ká fi wọ́n sílẹ̀ nínú ilé kí wọ́n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò rí ìgbà tó dáa jùyí lọ o. Nígbà òjò, ewé á bo igi débi pé ohùn ẹyẹ nìkan lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní rí ojú ẹ̀, ilẹ̀ á máa yọ̀, amọ̀ tẹ́ ẹ bá mọ ò ní gbẹ bọ̀rọ̀. Ọyẹ́ ló ń ṣí gbogbo nǹkan yẹn sílẹ̀ fún wa, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì ni, kí oṣù kejì tó lọ, ó ti máa ń fẹ́ parí.

Kórópe la wọ̀ dé kámpọ́ọ̀sì Yunifásítì Ifẹ̀, a sì ti dé etí adágún Ọ̀pá kí oòrùn tó yọ dáadáa. Òtútù mú! Àwọn ọmọ wọ súwẹ́tà, a ti ní kí gbogbo wọn fi òrí para láti ilé, kí ẹni tó bá ní asthma mú inhaler ẹ̀ dání kó sì fi nǹkan bo imú torí eruku. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ SS, ìyẹn àwọn tó ní àìsàn sickle cell, ò bá wa lọ láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ràn ni wọ́n máa ń wá bá wa nídìí iṣẹ́ ọnà, torí òtútù báyìí lè dá ìrora sí wọn lára, a ò sì fi ìyẹn ṣeré rárá.

Lékeléke ló kọ́kọ́ dá wa lóhùn. Tí wọ́n bá ti fò kọjá báyìí, ọmọ kankan ò ní dákẹ́, gbogbo wọn á na ọwọ́ sókè, wọ́n á máa tọrọ èékánná funfun, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe nígbà tá a wà ní kékeré. Ẹyẹ kan tún wà níbẹ̀ tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn gbọọrọ, orí ewé tó léfòó sójú omi ló ti ń rìn, ewé yẹn ò sì rì, torí àwọn ìka yẹn ti pín ìwọ̀n ara ẹ̀ káàkiri. Èyí tó ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Bàbá tó ń mú wa rìn, tíṣà báọ́lọ́jì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo àwọn tó ń fò yẹn, òmíì nínú wọn ti Yúróòpù wá. Òtútù ti pa gbogbo kòkòrò tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ni wọ́n bá gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá bá wa.” Wọ́n ní lábúlé kan tó ń jẹ́ Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ló máa ń wá sùn sórí òkè kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin kan bèèrè pé ṣé wọ́n á padà, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbí ni wọ́n á gbéra. Ọmọ náà wá ní, “A jẹ́ pé àlejò wa ni wọ́n.” Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.

A gba inú igbó tíìkì kọjá, ewé tó ti já bo gbogbo ilẹ̀, ariwo ẹsẹ̀ wa nìkan là ń gbọ́. Àràbà náà ti wà níhòòhò. Ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pé igi yẹn ò kú o, ojú ewé lomi ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ, igi náà sì mọ̀ pé òjò ò ní rọ̀ láìpẹ́, ló ṣe já ewé dànù kó lè ṣọ́ omi tó kù sí i lára. A ṣa ewé díẹ̀ sínú báàgì láti fi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí mo dé yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá ewé jọ tẹ́ ẹ ń dáná sun ún nínú ọyẹ́, ẹ dákun ẹ má ṣe é mọ́, gbogbo ewéko ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ti tó láti jó oko kòkó olóko, èéfín yẹn á sì tún wá bá eruku nínú èdọ̀fóró àwọn arúgbó. Ẹ kó o jọ sí kọ̀rọ̀ kan kó jẹrà, ilẹ̀dú gidi ló máa dà.

Nígbà tá a padà dé, kálukú ti mú ilẹ̀ tiẹ̀ wá, torí ohun tá a ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú wá nìyẹn. Ilẹ̀ pupa ẹ̀bá títì, amọ̀ tó funfun díẹ̀ láti etí odò, oníyẹ́lò kan tí wọ́n gbẹ́ nídìí kànga, èédú láti ilé ìdáná. Ilẹ̀ tó gbẹ báyìí ṣeé gún, ó ṣeé kù, nígbà òjò ẹ ò lè dán an wò, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ odó. A gún un, a fi asẹ́ kù ú títí tó fi kúná, a fi omi àti gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò pò ó, ó di pẹ́ńtì. Àwọn ọmọ fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀ wa pupa tó báyìí. Irin ni. Òjò ti ń rọ̀ sórí ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó ti ṣan èyí tó lè yọ́ lọ, irin ò bá a lọ, ibẹ̀ ló ti dípẹtà.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ọmọkùnrin kékeré kan dìde, ó lọ sídìí wíńdò, ó fi páálí gbá eruku ojú lúfà jọ, ó gbé e wá bá mi, ó ní, “Àǹtí, èyí náà ńkọ́, ṣé ilẹ̀ kọ́ ni?” Ilẹ̀ ni lóòótọ́! Mo ní kí gbogbo wọn wá jókòó. Mo sọ fún wọn pé ọ̀nà jíjìn ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku yẹn bọ̀, àti pé ibi tí eruku ti ń dìde jù ni ibì kan ní orílẹ̀-èdè Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni nígbà láéláé, omi ẹ̀ ti gbẹ, púpọ̀ nínú ohun tó kù síbẹ̀ jẹ́ ìkarahun àwọn nǹkan tíntìntín tó ti gbé inú omi yẹn rí, ojú lásán ò lè rí wọn. Afẹ́fẹ́ ń gbé e kọjá lórí wa, òmíì nínú ẹ̀ ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé igbó Amazon, ó ń ṣe ajílẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Ni gbogbo wọn bá lọ ń gbá lúfà ilé wọn! Àwọ̀ eruku náà rí bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí, kò ki, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi kun ojú ọ̀run nínú àwòrán ọyẹ́, òun gan-an ló yẹ ibẹ̀.

Màmá kan wà pẹ̀lú wa tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rárá. Ìka ni wọ́n tì bọ inú pẹ́ńtì, wọ́n ń fa ìlà, wọ́n ń to àmì ró-ró-ró, ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn ti máa ń dúró wo àwọn ìyá tó ń kun ara ògiri ojúbọ ní Ifẹ̀ níbí nígbà táwọn wà lọ́mọdé. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni, ọdọọdún ni wọ́n máa ń tún ti òrìṣà Ìkirè kùn nígbà náà, nínú ilẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń rí àwọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ti Yunifásítì Ifẹ̀ jáde tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní 1989, irú nǹkan báyìí ni wọ́n padà lọ wò, Moyo Okediji nínú wọn fi ilẹ̀ lásán ya àwòrán. Ṣáájú wọn, ní 1968, Orí Olókun, ilé àṣà àti eré orí ìtàgé, ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú, onílù, àgbẹ̀, oníṣòwò, ọ̀mọ̀wé, gbogbo wọn jọ wà níbẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ọnà, ti olówó ni. Ní Ifẹ̀ kẹ̀? Ìlú tó jẹ́ amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú orí tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù lẹ́bàá ààfin! Ilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yín, àgbà tó mọ̀ ọ́n wà ládùúgbò, ọmọ tó fẹ́ mọ̀ ọ́n wà, ẹni tó máa ní kí wọ́n jókòó pọ̀ ló kù.

A tẹ́ àwòrán tá a yà sórí páálí sínú oòrùn, kò tó wákàtí kan tó fi gbẹ. Àwọn ọmọ tẹ ewé tíìkì mọ́ tiwọn, ìlà ara ewé hàn kedere. Ọjọ́ Ajé la máa gbé wọn kọ́ sára fẹ́ǹsì ní ìta, kí ẹni tó ń kọjá lọ sọ́jà rí i.

Sátidé tó ń bọ̀, Ìpetumodù là ń lọ, àwọn ìyá amọ̀kòkò fẹ́ sun ìkòkò, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni iṣẹ́ wọn ń yá jù torí ìkòkò tí ò bá gbẹ dénú máa fọ́ nínú iná. Mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn màmá yẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní táfẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù láàárọ̀ àwọn ò ní finá sí i, ó lè di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ di oúnjẹ dání, ẹ mú omi tó pọ̀, ẹ mú òrí, kí ọmọdé kankan má wọ aṣọ náílọ́ọ̀nù wá sídìí iná. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lọkọ̀ á gbéra.