Òkè tí mi ò mọ̀ pé òkè ni

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wa ọkọ̀ gba títì kan náà lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì mọ̀ pé òkè ni. Ẹsẹ̀ ló sọ fún mi. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò ṣíná, mo rìn ín, kí n tó dé ìdajì ọ̀nà mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àtìgbà náà ni mo ti ń rìn nírọ̀lẹ́. Fóònù mi ń ka ìṣísẹ̀, àmọ́ mi ò dá a lóhùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀ tí gbogbo ayé ń lé kiri yẹn, ara orúkọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n ń tà ní Japan lọ́dún 1965, ló ti wá. Kì í ṣe dókítà ló kọ ọ́ fún wa!

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: mi ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà tí mo bá lọ padà sílé. Òun ló gbé mi dé ojú ọ̀nà tóóró kan tí ọmọdé ti tẹ sìmẹ́ńtì tútù mọ́lẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ márààrún hàn kedere. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ẹsẹ̀ náà kò tó o. Bí òjò bá dá, omi máa ń kù síbi gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Bàbá kan tó máa ń jókòó nítòsí ibẹ̀ bi mí pé, "Ṣé ẹ sọ nǹkan nù ni?" Mo ní rárá o, bàbá. Kò gbà mí gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun náà ti ń bá mi wolẹ̀.