Okùn Ajá ní Ibùdó Àgọ́ àti Etí Adágún

Ẹ má tú ajá sílẹ̀ ní ibùdó àgọ́, bó ti wù kó gbọ́ràn tó. Iná ìdáná wà níbẹ̀, okùn àgọ́ nà káàkiri, àwọn ọmọdé sì ń jẹun lọ́wọ́. Ajá tó kàn fẹ́ ṣeré lè da omi gbígbóná sí ọmọ lára. Okùn mítà 2 ti tó. Ẹ má so ó mọ́ àga tàbí òpó àgọ́: tó bá fò sókè lójijì, yóò wọ́ ọ lọ, ariwo rẹ̀ á sì túbọ̀ dẹ́rù bà á. Ìdí igi ńlá ló dára.

Ní etí adágún, okùn mítà 5 sí 10 á jẹ́ kó rìn kiri dáadáa, ṣùgbọ́n ìdè tó gba àyà ni kí ẹ so ó mọ́. Bí ajá bá fi eré dé òpin okùn gígùn, ìdè ọrùn lè ṣe é léṣe. Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́ o!

Omi fúnra rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. Tó bá ní àwọ̀ ewé bí ẹni da ọ̀dà sí i, bakitéríà olóró lè wà níbẹ̀, ó sì lè pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀. Kì í ṣe mímu nìkan. Ajá tó wẹ̀ níbẹ̀ yóò tún lá irun ara rẹ̀. Ẹ tètè fi omi mímọ́ ṣàn án. Tó bá ń bì tàbí tó ń gbọ̀n, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni lójú ẹsẹ̀.

Ìwọ̀ tí apẹja gbàgbé ńkọ́? Bí ajá bá gbé e mì, ẹ má fa okùn ìwọ̀ náà jáde.