Ẹ má ṣe da kọ́ńjé pọ̀ mọ́ ọjọ́ àìsàn

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwé owó oṣù ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ń kúrò ni àṣìṣe àtẹ̀yìnwá máa ń fojú hàn.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1998 fún òṣìṣẹ́ ní kọ́ńjé, ìyẹn ìsinmi tí à ń sanwó rẹ̀, ọjọ́ 2 fún oṣù iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 24 lọ́dún. Ẹni tó ṣe oṣù 7 láì lọ kọ́ńjé kankan, ọjọ́ 14 ni gbèsè tẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Ẹ san án, ẹ má fi falẹ̀. Ọjọ́ àìsàn ní tirẹ̀, ààbò ni fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ara rẹ̀ bá le, kò sí gbèsè kankan níbẹ̀, àfi tí ilé iṣẹ́ bá ti bá a ṣàdéhùn láti ra ọjọ́ tí kò lò.

Àdéhùn yìí gan-an ló ń dá gbèsè sílẹ̀. Ká ní ẹnì kan kó ọjọ́ àìsàn 100 tí kò lò jọ nígbà tí owó ojúmọ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ́fà 3,000: 300,000 nìyẹn. Nígbà tó fi máa kúrò, owó ojúmọ́ ti di 10,000, òun ni wọ́n sì máa fi ṣírò. Mílíọ̀nù 1! Kò sẹ́ni tó ya 700,000 tó lé sórí rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ní New Jersey l'Amẹ́ríkà, òfin 2010 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn rẹ̀ má gbà ju dọ́là 15,000 lọ fún ọjọ́ àìsàn tí kò lò, ìgbà ìfẹ̀yìntì nìkan. Nígbà tí wọ́n yẹ ìlú 60 wò ní 2022, 57 kò tẹ̀ lé àwọn òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ. Àdéhùn àtijọ́ ṣì wà nínú ìwé wọn nígbà náà.

Nítorí náà, ìwé àdéhùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún kọ. Ẹ pe aṣojú òṣìṣẹ́, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ ka ọjọ́ àìsàn tí kálukú ti kó jọ, kó fọwọ́ sí i. Owó ojúmọ́ ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi dè é. Kó má gòkè mọ́. Ohun tẹ́nì kan ti ní, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tuntun kò ní wọ inú àdéhùn náà. Ẹ má sì sọ pé “lò ó tàbí kó sọnù,” nítorí ìwé dókítà ni yóò kún tábìlì yín lóṣù Ọ̀pẹ.

Lórí ìwé owó ìkẹyìn, ẹ kọ kọ́ńjé sí ìlà tirẹ̀, ọjọ́ àìsàn sí tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i.